Àṣàbí Kò Bí Wẹ́rẹ́

Ẹ yin Olúwa! Ẹ̀yin ará, ẹ yin Olúwa! Ẹ bá mi ké Halelúyà kan sí i, nítorí mo fẹ́ kí ohùn yín dì mí mú.

Ẹ ṣé. Ọlọ́run á gbọ́ tiyín náà.

Bàbá Pásítọ̀, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́ àdúrà, ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ìyá Sámúẹ́lì tó ń ta àdín, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Kò sí aboyún nínú ìjọ yìí tí n kì í gbàdúrà lé lórí. Ẹ ti sọ ọ́ di orin pé àdúrà Ìyá Sámúẹ́lì kì í tàsé. Èmi náà gbà á gbọ́, mo sì ń fi ṣe fáàrí.

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ibi tí mo dúró sí yìí ni mo dúró sí, tí mo jẹ́ ẹ̀rí pé Àṣàbí, ìyàwó Sámúẹ́lì ọmọ mi, bí obìnrin. Mo ní, "Wẹ́rẹ́ ló bí i. Kí n tó dijú kí n tó là á, ọmọ ti dé." Ẹ jó, ẹ yọ̀, ẹ bá mi dúpẹ́. Ẹ̀yin ará, irọ́ ni mo pa. Nínú ilé Ọlọ́run, mo purọ́ gbuu. Òótọ́ ọ̀rọ̀ náà ni mo wá sọ lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́.

Àṣàbí, ọmọ Ilé-Ogbó ni. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, iṣẹ́ ìránṣọ ló kọ́. Tíṣà ni Sámúẹ́lì, láti ìgbà tí ìwé ọ̀fẹ́ sì ti dé, àwọn ọmọ kún kíláàsì rẹ̀ débi pé kì í ráyè mí. Nítorí náà, ọwọ́ èmi ni oyún yẹn wà. Èmi ni mo ń sọ ohun tí aboyún máa jẹ, èmi ni mo ń sọ ìgbà tó máa sùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹgbẹ́ àdúrà fi gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀, èmi ni mo ṣáájú. Wẹ́rẹ́ la ní kó bí, gbogbo wa la sì ṣe Àmín.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé lọ, ọmọ kò dé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́, ọmọ kò dé. Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Agbẹ̀bí tó ń tọ́jú rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Màmá, ẹsẹ̀ ọmọ ni ọwọ́ mi ń bà. Ẹ wá mọ́tò."

Mo ní kó ṣe sùúrù, mo ní a ti gbààwẹ̀.

Ó wò mí lójú. Ó ní, "Ẹ wá mọ́tò, mà."

Lọ́rì tó ń kó ẹkùrọ́ lọ Ìbàdàn la rí. A tẹ́ ẹní sórí àwọn àpò ẹkùrọ́, a tẹ́ Àṣàbí sórí ẹní, Sámúẹ́lì jókòó níwájú lọ́dọ̀ awakọ̀. Gbogbo yín lẹ mọ ọ̀nà yẹn. Kòtò tí táyà bá ti kó sí, èmi tí mo jókòó, egungun mi ń dùn mí, ká má tíì sọ ti ẹni tí ọmọ há sí nínú. Ẹ̀jẹ̀ ti gba inú ẹní kọjá sára àpò. Nígbà tó yá, kò ké mọ́. Ojú rẹ̀ kàn là sílẹ̀, ó ń wo òkè. Mo ń pe Jésù, mo ń pe òun náà, kò dá mi lóhùn.

Ní ọsibítù, wọ́n gbé e lé bẹ́ẹ̀dì onítáyà, wọ́n dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ. Dókítà òyìnbó sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ó ní, "Dókítà ní àwọn máa la inú rẹ̀ gbé ọmọ jáde. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tó dànù ti pọ̀, àwọn ò lè ṣèlérí ẹnì kankan fún yín nínú àwọn méjèèjì." Sámúẹ́lì bu ọwọ́ lu ìwé pé kí wọ́n là á, ó sì lọ fi orí ti ògiri. Èmi ni mo bá wọn sọ̀rọ̀, nítorí èmi náà ni mo máa ń sọ̀rọ̀ nílé wa. Ohun tí mo sọ, ẹ máa gbọ́ ọ tó bá yá.

Wọ́n là á. Ọmọ yè. Ìyá yè. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ká ní mo wá sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí yẹn ni, ẹ̀rí ńlá ni ì bá jẹ́. Ojú ló tì mí. Ẹ mọ ohun tí àwa obìnrin máa ń sọ. Ẹni tí wọ́n bá là, a ó ní kò kúnlẹ̀, a ó ní dókítà ló bí i fún un. Èmi fúnra mi ti sọ ọ́ rí nípa ọmọ ọlọ́mọ, lẹ́yìn ilé ìsìn yìí, mo sì rẹ́rìn-ín sí i. Ṣé èmi ni wọ́n á wá máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta tí Ìyá Sámúẹ́lì ṣáájú, abẹ ló já sí?

Mo bá fi Àṣàbí sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì n'Ìbàdàn, mo padà wá síbí, mo wá sọ wẹ́rẹ́ fún yín. Mo ní ọ̀dọ̀ àbúrò mi n'Ìbàdàn ló ti ń sinmi. Mo tún sọ ọmọ ní Ìbídùn, kí irọ́ náà lè dúró dáadáa.

Nígbà tí wọ́n mú un délé, mo fi ọ̀já di inú rẹ̀ kí bándéèjì má baà hàn. Mo ní, "Àṣàbí, ohun tó ṣẹlẹ̀ n'Ìbàdàn, Ìbàdàn ni kó wà. Ṣé o gbọ́?" Ó ní, "Mo gbọ́, Màmá." Tó bá ń sunkún, màá ní, "Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún? Ìwọ tó o rí ọmọ gbé, àwọn tí kò rí ńkọ́? Abiyamọ kì í sunkún sórí ọmọ." Á nu ojú. Ìyá tó bí i lọ́mọ wá láti Ilé-Ogbó, wẹ́rẹ́ náà ni mo sọ fún un. Mo jókòó sáàárín àwọn méjèèjì títí ìyá fi dágbére.

Ẹ̀yin náà ń wá. Ẹ ń ní, "Ẹ kú ewu ọmọ o. A gbọ́ pé wẹ́rẹ́ ni." Á ní, "Ẹ ṣé, mà." Ẹ rò pé ìtìjú ìyàwó ni. Èmi rí ohun tó ń ṣe é, mo kàn ń fojú fò ó ni. Tí ilẹ̀kùn bá dún gbàmù, òógùn á bò ó. Kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ń jókòó sùn. Ó ń fún ọmọ lọ́mú, ṣùgbọ́n tọ́mọ bá ti mu tán, á gbé e sílẹ̀, á kọjú sí ògiri. Kò pe orúkọ ọmọ rí. Á ní, "Ọmọ yìí ti jí." Á ní, "Ọmọ yìí ti tọ̀."

Ní ọjọ́ kan, ìyá kan nínú ìjọ yìí mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá. Oyún ọmọ náà ti pé. N kò ní dárúkọ. Ìyá yẹn ní, "Àṣàbí, jọ̀ọ́, gbé ọwọ́ lé ọmọ mi nínú, kí tiẹ̀ náà lè jẹ́ wẹ́rẹ́ bíi tìẹ." Ọmọ náà kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ká aṣọ kúrò níkùn. Àṣàbí na ọwọ́. Ọwọ́ náà dúró, kò débẹ̀. Ó wo ikùn yẹn, ó sì yíjú wò mí. Mo mi orí sí i pé kó fọwọ́ kàn án. Ó lanu, igbe kan jáde tí n kò gbọ́ irú ẹ̀ rí, ó dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Mo sọ fún àwọn àlejò pé ibà ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Láti ọjọ́ yẹn, Àṣàbí kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko. Tá a bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kò ní wò ó. Wàrà gbẹ lọ́mú rẹ̀, omi ògì ni mo ń fún ọmọ. Sámúẹ́lì bá mi nídìí iná, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fáwọn èèyàn. Ìyàwó mi ń kú lọ lójú mi." Mo ní kó lọ kọ́ àwọn ọmọ ìwé rẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ obìnrin kò kan ọkùnrin. Ọmọ mi wò mí, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejìlá, mo ń yọ́ àdín lẹ́yìnkùlé, mo ń gbọ́ ẹkún ọmọ. Ẹkún náà kò dáwọ́ dúró. Mo wọlé, mo bá ọmọ nìkan lórí ẹní. Yàrá ṣófo. Ẹ̀yin ará, kànga ni mo kọ́kọ́ sáré lọ. Ìyá ni yín, ẹ mọ ìdí rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ sí ẹnu kànga, mo wo ìsàlẹ̀, omi náà dúró jẹ́ẹ́. Mo pọn ọmọ sẹ́yìn, mo bọ́ sójú títì, mo ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń kọjá. Mo ránṣẹ́ sí Sámúẹ́lì ní ilé ìwé. Mo ń sọ fún Ọlọ́run pé tó bá jẹ́ nítorí irọ́ mi ni, kó mú èmi, kó fi ìyá ọmọ yìí sílẹ̀.

Obìnrin kan tó ń ru igi bọ̀ ló sọ fún mi pé òun rí ìyàwó kan tó tẹ̀ kọdọrọ, tó di ikùn mú, lójú ọ̀nà téṣàn rélùwéè. Mo sáré. Ẹ wò mí, ṣé mo jọ ẹni tó ń sáré? Mo sáré lọ́jọ́ náà. Akọ̀wé téṣàn jáde sí mi, ó ní, "Màmá, ṣé tiyín ni ìyàwó yẹn? Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti jókòó síbẹ̀. Kò ra tíkẹ́ẹ̀tì, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ sún mọ́ ojú irin, ni mo ṣe ń ṣọ́ ọ."

Kí Ọlọ́run bù kún ọkùnrin yẹn.

Mo jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Mo ní, "Àṣàbí, ibo lò ń lọ?"

Ó dá mi lóhùn. Mo ti gbàgbé bí ohùn rẹ̀ ṣe rí. Ó ní, "Ìbàdàn. Mo fẹ́ lọ bá nọ́ọ̀sì yẹn."

"Kí lo fẹ́ bá a ṣe?"

Ó ní, "Òun nìkan ló mọ ohun tó ṣe mí, Màmá. Nílé yín, nǹkan kan ò ṣe mí rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Sámúẹ́lì dé pẹ̀lú kẹ̀kẹ́, ó ń mí hẹlẹ. Mo ní, "Lọ sí Ilé-Ogbó. Lọ sọ òótọ́ fún ìyá rẹ̀, má fi nǹkan kan pamọ́. Èmi àtìyàwó rẹ ń lọ sí Ìbàdàn." Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo pọn ọmọ, a wọ rélùwéè. Láti Ìwó níbí títí dé Ìbàdàn, mo ṣáà di etí aṣọ rẹ̀ mú.

Nọ́ọ̀sì rí i lókèèrè, ó pè é lórúkọ. Ó mú wa wọ yàrá kékeré kan, ó fi àga fún un, ó jókòó tì í, kò sì sọ nǹkan kan. Ó kàn dúró dè é ni. Èmi ì bá ti wàásù. Àṣàbí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ ti lọ́rì. Ó sọ bí òun ṣe rò pé òun ti kú tí wọ́n sì ń gbé òkú òun lọ. Ó sọ ti iná tó wà lókè tábìlì iṣẹ́ abẹ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Nígbà tí dókítà ń bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo ń gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màmá béèrè ọmọ. Mo kà á. 'Ọmọ ńkọ́? Ṣé ọmọ á yè? Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ńkọ́?' Wọn ò béèrè mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti gbé ọmọ yìí, ohùn wọn ni mò ń gbọ́."

Ẹ̀yin ará, òótọ́ ló sọ. Mo rò pé ó ti dákú. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní ó ti dákú, ṣé kò yẹ kí n béèrè rẹ̀? N kò ní àwíjàre. N kò kúnlẹ̀ fún ọmọdé rí láyé mi, mo kúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tọmọ-tọmọ lẹ́yìn mi. Mo ní, "Àṣàbí, mo ṣẹ̀ ọ́." Kò ní kí n dìde. Ó ń wò mí ni. Nọ́ọ̀sì ló fà mí dìde.

Nọ́ọ̀sì yẹ ojú abẹ wò, ó ní, "Ibí yìí ti jinná, mà. Ọkàn rẹ̀ ló ṣì wà lórí tábìlì. Kò nílò ẹni tó máa ní kó dúpẹ́. Ẹni tó ti dùbúlẹ̀ síbẹ̀ rí ló nílò, tó máa jókòó tì í, tó máa gbọ́ ọ. Obìnrin kan wà ní Kuta, Sàfúrátù lorúkọ rẹ̀. A là á níbí. Ó ní tí mo bá rí irú òun ní ọ̀nà Ìwó, kí n rán an sí òun. Ṣé ẹ máa lọ pè é?"

A padà sílé, mo sì lọ sí Kuta. Mo bá Sàfúrátù níwájú ilé ọkọ rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́, ó borí. Bí mo ti dárúkọ ara mi, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ni Ìyá Sámúẹ́lì tó ní wẹ́rẹ́ nìyàwó òun bí? Ìròyìn yín dé Kuta. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo sunkún. Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ èmi nìkan ni Ọlọ́run kò fún ní wẹ́rẹ́?"

Mo sọ òótọ́ fún un. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní, "Ìnṣáláhù, màá wá lọ́jọ́ ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní bá wa jókòó o. Ẹ máa gbé ọmọ jáde, ẹ máa ti ilẹ̀kùn. Ohun tẹ́ ẹ bá sì gbọ́, ẹ ò gbọ́dọ̀ wọlé." Ó kéré sí ọmọ mi lọ́jọ́ orí, ó ń pàṣẹ fún mi. Mo ní, "Mo gbọ́, ìyá mi."

Ó wá. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọmọ. Ó pẹ́ tí n kò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ẹkún, ẹkún ẹni méjì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dìde láti lọ sọ pé ó tó, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún jókòó. Ó dùn mí bí mo ṣe jókòó yẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ẹkún tí mo ti ń dí lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ yìí ló ń jáde. Nígbà tí Sàfúrátù ń lọ, Àṣàbí sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó sì ní ebi ń pa òun.

Kì í ṣe ọjọ́ kan náà lara rẹ̀ yá. Ìyá rẹ̀ wá láti Ilé-Ogbó, ó bá mi jà, mo gba ìjà, ó sì dúró tì í. Àwọn ọjọ́ kan wà tí Àṣàbí tún ń kọjú sí ògiri, tí àyà mi tún ń já. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ ọjà ni Sàfúrátù ń dé. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹ̀rín ni mo gbọ́ nínú yàrá. N kò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi.

Ẹ gbọ́ ibi tí Ọlọ́run ti dá mi lóhùn báyìí. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, mo da omi sínú ọpọ́n, mo fẹ́ wẹ ọmọ. Mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi: "Màmá, omi yẹn ti gbóná jù. Ẹ gbé Mọ́rẹ́nikẹ́ mi fún mi."

Mo ní, "Ta ló ń jẹ́ Mọ́rẹ́nikẹ́?"

Ó ní, "Ọmọ mi ni. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní Ìbídùn. Èmi náà lórúkọ tí mo sọ ọ́."

Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé èjìká, ó gbóòórùn orí rẹ̀, kò sì gbé e sílẹ̀ mọ́ títí oòrùn fi kanrí. Bó ṣe bá mi wí yẹn, ẹ̀yin ará, bí ẹni fún mi lóyè ni. Mo sá lọ sẹ́yìnkùlé, mo jó, mo sunkún, mo ní Olúwa, o ṣé, o ò fi irọ́ mi pa ọmọ ọlọ́mọ. Ọpẹ́ ni fún ọ. Ọpẹ́ ni fún ọ, Bàbá.

Mo ti lọ bá ìyá aboyún ọjọ́sí, mo ti sọ òótọ́ fún un. Ó bú mi, ó sì tọ́ sí mi. Kí n tó wá síbí láàárọ̀ yìí, mo bi Àṣàbí bóyá kí n sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ sọ ọ́, Màmá. Ẹ má yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀, ẹ má sì fi tẹnu yín kún un." Àṣàbí ló jókòó lẹ́bàá fèrèsé yẹn, tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀.

Ọpẹ́ mi pọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí méjì sí lábẹ́ abẹ. Mo dúpẹ́ fún nọ́ọ̀sì tó mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Mo dúpẹ́ fún Sàfúrátù ará Kuta, tí kì í ṣe ara ìjọ wa, tí Ọlọ́run sì rán sí wa. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyàwó nílé, tí ẹ ń wò ó pé kò dúpẹ́ tó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í léèrè ohun tójú rẹ̀ rí, kẹ́ ẹ sì jókòó gbọ́ ọ tán.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n ń kí ní wẹ́rẹ́, tó sì jẹ́ pé kì í ṣe wẹ́rẹ́ lójú yín rí, mo mọ̀ pé ẹ wà níbí. Ọ̀kan wà nínú yín tó ti ń sunkún láti ìgbà tí mo ti dárúkọ lọ́rì. N kò ní wo apá ibi tó o jókòó sí. Má nu ojú rẹ. Àṣàbí ti rí ọ, ó ti gbé ọmọ fún ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ti dìde, ó ń bọ̀ wá jókòó tì ọ́.